Kápù Ìbọn: Èwo Ni Ọ̀pọ̀?

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ nǹkan kékeré kan ni a fẹ́ sọ: kápù ìbọn. Ẹ̀yin ọdẹ mọ̀ ọ́n. A máa ń dé e bíi fìlà sórí ihò kékeré tí ó wà lẹ́yìn ṣakabùlà. Bí òòlù ìbọn bá lù ú, iná á ṣẹ́, á gba ihò wọlé, á sì ran ẹ̀tù.

Láyé àtijọ́, òkúta ni ó ń ṣáná fún ìbọn. Ẹyẹ á rí iná náà, á sì fò kí ọta tó dé. Àlùfáà kan ní ilẹ̀ Scotland, Alexander Forsyth, tí òun náà ń ṣọdẹ, ló ronú lo ohun tí ń gbiná bí a bá lù ú. Ní 1807 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Láti ara ọgbọ́n yìí ni kápù ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí páálí kápù 100 bá jẹ́ ₦10,000, ₦100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wà lọ́jà, ₦8,000 ni. Ó jọ ọ̀pọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n bí 40 nínú rẹ̀ kò bá dún, 60 péré ni ẹ fi ₦8,000 rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lé ní ₦133! Ọ̀pọ̀ tí kò dún, ọ̀wọ́n ni.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìjọba fún láṣẹ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ ka ara páálí: orúkọ ẹni tó ṣe é, àti nọ́ńbà rẹ̀. Kápù tó tóbi jù á já bọ́. Èyí tó kéré jù kò ní wọlé. Bí ó bá ti rin tàbí tó dógùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra díẹ̀ wò.

Nílé, inú páálí rẹ̀ ni kí ó wà. Ẹ má tú u sínú agolo, ẹ má gbé e sí ẹ̀bá àdògán tàbí ẹ̀bá ẹ̀tù, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o.

Ọdẹ kan nínú kíláàsì wa yin ìbọn, kò dún. Ó yí ẹnu ìbọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti wò ó. Àfi gbòlà! Ọta gbé fìlà orí rẹ̀ lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí ìbọn kò bá dún, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má gbàgbé òfin ìbọn ti 1959: ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti máa ṣe ọta nílé.

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Ọdẹ á ròde, ọdẹ á sì bọ̀.