Ọpọlọ Bátìrì: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ọlọ́dọọdún)

  

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀, ìtàn bí a ṣe ń fo ọgbà lóru ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní rárá, ohun tó máa wúlò ni kí n sọ. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni mo wá gbé wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Púpọ̀ nínú wa tó ti fẹ̀yìn tì ló ń fi owó gíráátúútì ra bátìrì lithium, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Houston, ní Texas, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, a ra RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó tún jẹ́ ilé: ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí iná, bátìrì ló ń gbé e. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, tí òtútù ńlá mú iná lọ ní Texas, inú rẹ̀ la sá sí. Lójoojúmọ́ ni mo ń fi jẹnẹrétọ̀ rọ iná sí bátìrì náà. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, a wà á lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa ní Colorado. Yìnyín bo ilẹ̀, mo sì tún ń rọ iná sí i láràárọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, gbogbo nǹkan dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń mí bó bá sùn dákẹ́. Fáànù tó ń fẹ́ ooru wọ inú ọkọ̀ dákẹ́. Mo sáré tan ẹ́ńjìnnì, mo kó gbogbo aṣọ tá a ní bò ó. Ọlọ́run yọ wá. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Dádì, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á?"

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Pátákó kékeré kan wà nínú bátìrì lithium tí wọ́n ń pè ní BMS. Òun ni ọpọlọ rẹ̀, òun náà ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Nínú irú tí wọ́n ń lò jù fún RV, volt 3.2 ni sẹ́ẹ̀lì kan. Mẹ́rin tá a so pọ̀ jẹ́ 12.8. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fẹ́ kọjá 3.65, tàbí tó fẹ́ lọ sílẹ̀ ju 2.5, BMS gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí èmi ò mọ̀ nìyí: sẹ́ẹ̀lì yìí lè fúnni níná nínú òtútù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gba iná bí ara rẹ̀ bá ti tutù ju òdo lọ ní ìwọ̀n Celsius. Bó bá gbà á, lithium á máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí irin, agbára tó bá sì bá a lọ kò ní padà. BMS tèmi kò mọ òtútù rárá. Ẹni tó tà á ní BMS wà nínú rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Èmi ni mi ò bèèrè irú èyí tó jẹ́.

Ó dáa, báwo ni mo ṣe yan òmíràn?

Èkíní, mo ṣírò ẹrù. Ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní físíìsì, tí wọ́n jókòó níwájú yìí, ló kọ́ wa pé bí a bá fi volt pín watt, amp la ó rí. Máàkì 38 ni wọ́n fún mi nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un máàkì lónìí. Inverter mi jẹ́ 2,000 watt. Ẹ fi 12.8 pín in, ó jẹ́ amp 156. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, ó di nǹkan bí 175. Mo ra BMS amp 200. Iye tó lè gbé títí ni kí ẹ wò o, kì í ṣe èyí tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tí a ó lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì láti mọ òtútù àti ooru, kó sì lè kọ iná fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ lè mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba. Bí ẹnì kan bá yára kún, gbogbo kíláàsì ló máa dúró nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí BMS bá já iná lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń rọ iná sí bátìrì, ó lè ba alternator jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fi ṣájà DC-DC sáàárín wọn. BMS kì í sì í ṣe fíúsì o. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu bátìrì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ńkọ́? Kò sí yìnyín n'Ìbàdàn. Ooru ni tiyín. Ẹ má ṣe há bátìrì mọ́ kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé. Bátìrì ńlá tilé sábà máa ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 16, volt 51.2. Inverter 5,000 watt á fa nǹkan bí amp 110 níbẹ̀, nítorí náà BMS 100 kò tó. 150 ló dáa. Ẹ bèèrè bóyá BMS náà àti inverter yín lè bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ọlọ́jà ò bá lè sọ iye amp rẹ̀, ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ti dàgbà jù láti kọ́ ọ. John Goodenough, tí òun àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas gbé irú lithium yìí jáde ní 1997, ẹni ọdún 97 ni nígbà tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Àwa ṣì kéré!

Ìyàwó mi ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Ẹ bi í bóyá iná tún ti kú mọ́ ọn lórí lóru.