Ó Le Kú: Láti Inú Ìwé dé Ojú Àwòrán



Ní 1974 ni ìwé ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, jáde; ní 1997 ni Túndé Kèlání gbé e jáde ní fíìmù. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé náà lè ráhùn pé Àṣàkẹ́ inú fíìmù kì í ṣe Àṣàkẹ́ tòun. Kò jayò pa. Òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ló ti fi ọkàn ya ojú àti ìrìn àwọn ọmọge mẹ́ta tí Àjàní ń fẹ́. Ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà sì lè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Síbẹ̀, fíìmù ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣe. Ó mú ìró àti bùbá péńpé ayé ọjọ́un padà sójú agbo, títí tí a fi ń pe aṣọ náà ní ó-le-kú. Ìyá tí kò mọ̀wé àti ọmọ tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò lè kà á lè jọ wò ó nílé wọn ní Ìgàndó níhìn-ín.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí a wòran tán, kí a pa ìwé tì. Kámẹ́rà a máa fi omijé hàn wá; ṣùgbọ́n inú ìwé la ti ń bá iyèméjì Àjàní rìn ní ẹsẹ̀ǹtẹ̀lé. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ ka ìwé náà sétí àwọn ọmọ.