Ẹ Jẹ́ Kí A Kágò Kí A Tó Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa, lórí bí àwọn òbí ti ń ṣọ́ fóònù ọmọ wọn láti òkèèrè

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè tàbí ti ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ tí a kò bá sì kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà ni a fi rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ tí ó ní ìlọsíwájú ìran wa lọ́kàn gbọ́ ọ.

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti tọ́ wa. Ẹnì kan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń tọ́ ọ. Ọmọ tí ó bá ṣe àṣìṣe lọ́jà, ìròyìn rẹ̀ yóò ti dé ilé ṣáájú rẹ̀; àlejò tí ó bá sì wọ agbolé, ojú baálé ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Nígbà tí tẹlifóònù olókùn wọ ilé àwọn díẹ̀ nínú wa, inú pálọ̀ ni ó ń wà. Bí ó bá dún, etí gbogbo ilé ni ó ń dún sí. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn tuntun ti ṣí sí ẹ̀yìnkùlé wa. Lónìí, ọmọ ọdún 14 lè dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, kí baba àti ìyá máa sùn ní yàrá kejì, kí ó sì máa bá àlejò tí ẹnikẹ́ni kò rí sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àsọdùn ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan bá ẹnì kan pàdé lórí Instagram. Ó rò pé ọmọbìnrin ẹgbẹ́ òun ni. Wọ́n tàn án títí ó fi fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n bèèrè owó, pé bí kò bá san án, àwọn yóò fi àwòrán náà han ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó san ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Wọn kò fi í sílẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọmọ náà ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn agbófinró tọ ipasẹ̀ ọ̀ràn náà, Èkó ni ó já sí: ọ̀dọ́kùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní 2023, ilé ẹjọ́ sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6 ní 2024.

Ẹ wò ó dáradára, ẹ̀yin àgbà. Ilé méjì ni ó bàjẹ́. Ọ̀kan pàdánù ọmọ sọ́wọ́ ikú, èkejì pàdánù ọmọ méjì sí ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí a bá ń bẹ̀rù fóònù, kí a má ṣe bẹ̀rù kìkì pé ọmọ wa lè di ẹran. Kí a bẹ̀rù pẹ̀lú pé ó lè di ọdẹ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ǹjẹ́ òbí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ọmọ ń ṣe? Ó ní in. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò ì tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Apá 8 òfin náà sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, sí lẹ́tà rẹ̀ àti sí ọ̀rọ̀ tí ó bá bá ènìyàn sọ lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé èyí kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ òbí àti alágbàtọ́ láti ṣe àbójútó tí ó bá ọgbọ́n mu lórí ìwà ọmọ wọn. “Tí ó bá ọgbọ́n mu”: ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà.

Oríṣi irinṣẹ́ méjì ni ó wà. Èkíní ni èyí tí a ń lò ní gbangba. Google gbé Family Link jáde ní 2017, Apple sì fi Screen Time sínú iPhone ní 2018; a kò san owó kankan fún wọn. Nípasẹ̀ wọn, òbí tí ó wà ní Èkó lè mọ iye wákàtí tí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Ìlọrin lò lórí áàpù kọ̀ọ̀kan, ó lè gba áàpù tuntun láyè tàbí kí ó kọ̀ ọ́, ó sì lè ti fóònù náà nígbà tí àkókò oorun bá tó. Family Link kì í ka lẹ́tà ọmọ fún òbí, ọmọ pẹ̀lú sì mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Èkejì ni irinṣẹ́ amí. Òbí yóò fi í sínú fóònù nígbà tí ọmọ bá sùn, yóò fara pamọ́ síbẹ̀, yóò sì máa da ọ̀rọ̀ àti àwòrán ọmọ náà kọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí ó ta á. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ohun tí a kó síbẹ̀ kì í ṣe ojú òbí nìkan ni ó lè rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, mSpy, jẹ́ kí àkójọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde sí gbangba ní 2015, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2018. Ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo àṣírí ọmọ rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o lé àjèjì lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú wa lo irinṣẹ́ kejì yìí fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọlọ́dún 16, ó sì ti gbà wá láyè láti sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ní ọjọ́ kan tí inú bí i, ó sọ gbólóhùn kan jáde tí ọmọ kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Ọmọ wò ó, kò fèsì. Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ ti mọ́ tónítóní bí àwo tí a fọ̀. Fóònù àyálò ni ó ń lò níta. Nígbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí halẹ̀ mọ́ ọn lórí fóònù kejì yìí, irinṣẹ́ baba kò rí nǹkan kan. Ìyá àgbà ni ó ṣàkíyèsí pé ọmọ kò jẹun mọ́, tí ó pè é jókòó, tí ó sì bi í léèrè. Baba náà wí fún wa pé: “Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kọ ni mo kà, ojú rẹ̀ tí ń bẹ níwájú mi ni n kò wò.”

Àwọn kan yóò wí pé àṣà òyìnbó ni kí ọmọ ní àṣírí níwájú òbí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kì í já wọ ilé onílé, wọn a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a ké pé “Àgò o!”, wọn a sì retí “Àgò yà!” Ẹni tí a fi àrokò rán kì í tú u wò lójú ọ̀nà. Ìbẹ̀rù kọ́ ni wọ́n fi ń kágò. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a bá ká mọ́ ìhòòhò yóò wá ibòmíràn sá pamọ́ sí. Òbí ni ó ni ilé, òótọ́ ni. Síbẹ̀ kò sí ohun tí ó burú bí ó bá kágò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà jù, tí wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ilé. Fóònù lè sọ fún wọn pé ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́. Kò lè sọ bóyá inú ọmọ dùn. Kí wọ́n máa pè é, kí wọ́n sì máa pe ìyá àgbà pẹ̀lú.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Ọjọ́ tí a bá ra fóònù fún ọmọ ni kí a jókòó tì í, kí a sọ ohun tí a ó máa wò àti ìdí rẹ̀. Kí fóònù má ṣe bá ọmọdé sùn nínú yàrá. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà, tí ìwà rẹ̀ sì ń tọ́, kí a máa dẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀. Bí owó tí a kò mọ orísun rẹ̀ bá ń wọlé fún un, kí a má ṣe yìn ín. Kí a bi í. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a ṣèlérí fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ kan dẹ́rù bà á, ọ̀dọ̀ wa ni kí ó kọ́kọ́ sá wá, a kò sì ní fi ẹgba pàdé rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ bá wa sọ ọ́ ní ààfin àti ní àdúgbò yín. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ. Àṣẹ.