Pápá Tó Kù fún Àwọn Ọmọ Wa

Kí Òyìnbó tó da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914 ni wọ́n ti pààlà Sábọ́n-Gàrí Kánò yìí fún àwa àlejò. Ilé ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Pápá díẹ̀ tó kù, ààtàn àti ìsọ̀ ń jẹ ẹ́ lọ. Ta ló kọ́ ìsọ̀ wọ̀nyí? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: àwọn tiwa wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wá ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, láàrin mọ́tò! A bẹ onísọ̀ kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago 7 àárọ̀, ká mú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ wá. Dógóyárò la ó gbìn sí etí pápá. Ó máa ń ní ìbòji títí kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.