Lẹ́tà Tí A Fi Ọ̀rá Pọ́n

 

Ní oṣù August 2021, Amẹ́ríkà fi nǹkan bí mílíọ̀nù 4 abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ta Nàìjíríà lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sá fún un. Wọ́n ní yóò yí ẹ̀jẹ̀ ẹni padà. Àwa tí a ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, àwa náà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Lẹ́tà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà! Àwọn onímọ̀ ń pè é ní mRNA. A kò fi yíǹkì kọ ọ́, ṣùgbọ́n ara ènìyàn mọ̀ ọ́n kà. Ó ń sọ fún ara pé: "Ṣe ohun tí ó jọ ẹ̀gún ara kòkòrò Kòrónà, kí o lè dá ọ̀tá mọ̀ bí ó bá dé."

Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kò lágbára. Bí a kò bá fi nǹkan bò ó, kíákíá ni ara yóò já a wẹ́wẹ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ń gbé ẹ̀kọ lọ sọ́jà láìfi ewé pọ́n ọn? Nítorí náà, oríṣi ọ̀rá mẹ́rin ni wọ́n fi pọ́n ọn. Kì í ṣe ọ̀rá tí a fi ń di iyọ̀ o. Ọ̀rá bí ti ara ẹran ni. Ó kéré púpọ̀: a lè to ju 500 lọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun kan.

Bí ó bá wọlé, ọ̀rá á tú, lẹ́tà á jáde. Ara á kà á, á jẹ́ iṣẹ́ náà, á sì fà á ya. Kì í dé ibi tí ara ń tọ́jú ìwé àbínibí rẹ̀ sí, kò sì lè yí ẹ̀jẹ̀ padà. Apá lè dunni, ara sì lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ní 2018, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn àrùn àjogúnbá kan tí irú ọ̀rá yìí ń gbé. Katalin Karikó àti Drew Weissman, tí wọ́n tún lẹ́tà náà ṣe kí ara má bàa bá a jà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Òtútù ni ìṣòro rẹ̀: inú ẹ̀rọ tí ń sọ omi di yìnyín ni wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ ọdún 2021 yẹn sí. Níbi tí iná kì í dúró, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, bí wọ́n bá mú abẹ́rẹ́ dé, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ sì ka káàdì yín. Ara yín ń ka lẹ́tà tirẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ka tiyín. Ó dàbọ̀ o.