ÈDÈ TUNTUN FÚN KỌ̀ǸPÚTÀ: ṢÉ KÍ A DA TI ÀTIJỌ́ NÙ?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogboogbò)

 

Àwọn kan nínú wa lè bèèrè pé kí ló kan àwa tí gíríìsì kì í tán lọ́wọ́ wa nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn wa kò gùn. Inú kọ̀ǹpútà ni owó oṣù wa ń gbà kọjá kí ó tó dé báńkì. Kọ̀ǹpútà kékeré ló ń darí bíréèkì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, òun náà ló ń darí ẹ̀rọ tí ń rọ ọtí sínú ìgò. Bí àṣẹ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ bá yí sódì, ọwọ́ wa ni iṣẹ́ máa ń dúró sí, àwa náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè láti wá ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá lè kó ẹ̀bi bá òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ bà yín lẹ́rù. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn á kọ àṣẹ ní èdè tí ó yé e, ògbufọ̀ kan nínú ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Irú èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀. COBOL, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ni wọ́n ṣe fún ìṣirò owó àti ìwé ọ́fíìsì. Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní 1979, Bjarne Stroustrup, ọmọ Denmark, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí C++ níbẹ̀ kan náà. Orí C àti C++ ni púpọ̀ nínú ohun tí ayé ń lò dúró lé, títí kan Windows àti Linux.

Èdè tuntun tí a fẹ́ gbé lé ìwọ̀n lónìí ni Rust. Graydon Hoare, ọmọ Kánádà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 2006 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Mozilla. Mozilla bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́ ní 2009, wọ́n sì gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015.

Kí ni wọ́n ní ó ṣe C tí wọ́n fi ṣe òmíràn? Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìkẹ́rùsí ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà ní ibi tí ó ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí, wọ́n sì pín in sí yàrá kéékèèké tí olúkúlùkù ní nọ́ńbà. Ní èdè C, ẹni tí ń kọ àṣẹ ni yóò gba yàrá, òun náà ni yóò dá a padà. Bí ó bá gba yàrá 20, tí ó sì na ọwọ́ sí ìkọkànlélógún, C kò ní dí i lọ́nà. Bí ó bá ti dá yàrá padà, tí ó gbàgbé, tí ó tún lọ kó ẹrù síbẹ̀, ẹrù rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á kú lójijì. Nígbà mìíràn kò ní kú, ṣùgbọ́n olè á rí ihò náà, á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn tí ó ṣe C kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Ẹ̀rọ ìgbà náà kéré, wọ́n sì ń fẹ́ èdè tí yóò yára tí kò sì ní jẹ ààyè. Ṣùgbọ́n ní 2019, Microsoft sọ pé nínú gbogbo ihò ààbò tí àwọn ń dí lọ́dọọdún, bí 70 nínú 100 ló wá láti inú irú àṣìṣe yàrá yìí. Ní 2020, àwọn tí ń ṣe Chrome ní Google sọ irú iye kan náà nípa àwọn ihò tí ó léwu jù lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn tí ó kọ iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Bí àṣìṣe kan náà bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ lọ́dọọdún, irinṣẹ́ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i tí ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí gé ọmọ ìka òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì ní àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ni, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Ìbòrí yẹn ni Rust gbé wá. Òfin rẹ̀ ni pé ẹrù kọ̀ọ̀kan ní olówó kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn lè yá a wò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè wò ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ yí i padà, òun nìkan ni yóò wà nídìí rẹ̀. Awakọ̀ méjì kì í wa ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olówó ẹrù bá ti ṣe tán, yàrá á ṣófo fúnra rẹ̀. Ògbufọ̀ Rust ń yẹ òfin yìí wò kí iṣẹ́ tó jáde, bí ẹni tí ń yẹ ọkọ̀ wò ní ẹnu géètì gáréèjì: bí nọ́ọ̀tì táyà kan bá dẹ̀, ọkọ̀ kò ní jáde. Bí ẹnì kan bá sì na ọwọ́ kọjá iye yàrá tí ó gbà nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ, Rust á dá iṣẹ́ dúró kàkà kí ó jẹ́ kí ó kó ẹrù ẹlẹ́rù. Java náà ní ààbò, ṣùgbọ́n ó ní agbálẹ̀ tí ń kiri yàrá láti kó ohun tí wọn kò lò mọ́, èyí sì máa ń gba àkókò. Rust kò nílò agbálẹ̀, nítorí náà eré rẹ̀ súnmọ́ ti C.

Ohun rere ni èyí. Linux gba Rust wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ọ́fíìsì Ààrẹ Amẹ́ríkà gba àwọn ilé iṣẹ́ níyànjú láti máa lo èdè tí ó ní irú ààbò yìí.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ní apá kejì. Rust ṣòro láti kọ́, ògbufọ̀ rẹ̀ sì lọ́ra. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa kò tíì tó àwọn tí ó mọ C. Ó tún ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tí wọ́n ń pè ní “unsafe”, tí ènìyàn lè gbà yẹ àwọn òfin kan sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá di dandan. Bákan náà, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ogún ọdún tún ṣe ní C ní ọgbọ́n nínú tí ẹni tí ó bá fẹ́ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè gbàgbé. Stroustrup fúnra rẹ̀ sì ń jà fún un pé C++ òde òní lè ní ààbò bí a bá lò ó bí ó ti tọ́.

Ẹ wo ìṣẹ̀lẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ètò rẹ̀, tí wọ́n fi C++ kọ, ní nǹkan 20 lọ́wọ́, ó sì lọ wá ìkọkànlélógún. Bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows ló kú. Ọkọ̀ òfuurufú dúró, àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ sì ń gba èébú èrò nítorí ohun tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ó kan Cloudflare. Fáìlì kan kún ju 200 tí ètò wọn fi ṣe ààlà lọ. Rust ni wọ́n fi kọ ètò yìí. Kò ka yàrá ẹlẹ́yàrá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ kò pèsè ohun tí yóò ṣe bí àṣìṣe bá dé, nítorí náà ó kàn dúró, ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kárí ayé sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀.

Èdè méjì, àbùkù kan: wọ́n tan fáìlì ká láìfi ẹ̀rọ díẹ̀ dán an wò dáadáa. Ìbòrí orí ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Nítorí náà, èrò ìgbìmọ̀ wa nìyí. Èkíní, kí wọ́n fi èdè tuntun ṣe iṣẹ́ tuntun, kí wọ́n má ṣe wó èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nítorí àṣà. Bẹ́ẹ̀ ni Google ṣe fún Android. Wọn kò tún gbogbo ti àtijọ́ kọ, síbẹ̀ ìpín àṣìṣe yàrá nínú ihò ààbò wọn já láti 76 nínú 100 ní 2019 sí 24 ní 2024.

Èkejì, kí wọ́n má ṣe lé àwọn tí ó mọ ti àtijọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àìsàn kòrónà lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gómìnà New Jersey ní láti jáde wá bẹ àwọn tí ó gbọ́ COBOL kí wọ́n wá ran ìjọba lọ́wọ́. Owó ìrànwọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Àwọn tí ó ṣe tuntun náà kò bọ́ nínú rẹ̀: ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Mozilla dá bí 250 òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ Rust sì wà lára wọn.

Ẹ̀kẹta, bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ irinṣẹ́ tuntun, kí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ òṣìṣẹ́, ní àkókò iṣẹ́. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, kí wọ́n yẹ irinṣẹ́ àti ètò àyẹ̀wò wò kí wọ́n tó na ìka sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan án kẹ́yìn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun wọ ibi iṣẹ́ yín, ẹ bèèrè àṣìṣe tí ó ń dí, ẹ bèèrè èyí tí kò lè dí, kí ẹ sì bèèrè ta ni yóò san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ mú ìdáhùn wá fún aṣojú ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka yín.

 Ìṣọ̀kan ni agbára wa.