Níbo Ni Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Yóò Gbé Ní Ìlú Èkó?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ìlá-Ọ̀ràngún àti ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀dá láti máa gbé. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ Ìlá, Òkè-Ìlá àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ń parí ẹ̀kọ́ wọn tàbí tí wọ́n ń gba fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dojú kọ Èkó. Ohun tí ẹni tí ń lọ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni iṣẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́, owó ilé ni ó kàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ aládùúgbò òun, níbo ni òun yóò ti máa bá jamáà kírun, irú ilẹ̀ wo ni wọ́n kọ́ ilé náà lé: ìwọ̀nyí kì í sábà wá sí ọkàn ọ̀dọ́ àfi ìgbà tí wàhálà bá ti wọlé.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní Ìlá, kò sí ẹni tí ń yan àdúgbò, nítorí agbo ilé ni ó ń yan ènìyàn. Ibi tí wọ́n bí baba sí ni wọ́n bí ọmọ sí. Baálé mọ̀ ọ́n, ìyá àgbà mọ àwọn tí ó ń bá rìn, bí kò bá sì yọjú sí mọ́sálásí ní Jímọ̀ méjì léra, ẹnì kan yóò wá kan ilẹ̀kùn wò bóyá ara rẹ̀ le. Irú ìtọpinpin báyìí máa ń sú àwọn ọ̀dọ́. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá ọmọ gúnlẹ̀ nínú yàrá kan ní Èkó, tí ẹni tí ó ń gbé yàrá kejì kò sì mọ orúkọ rẹ̀, ni ó tó ń mọ iyì ohun tí ó fi sílẹ̀ nílé.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mọdínà ní ọdún 622. Ó dára kí ọ̀dọ́ wo bí ó ṣe tẹ̀dó. Kùbáà tí ó wà lẹ́bàá ìlú ni ó kọ́kọ́ sọ̀ sí, mọ́sálásí ni wọ́n sì kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ó wọ ìgboro, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń na ọwọ́ sí okùn ràkúnmí rẹ̀ pé kí ó wá bá àwọn gbé. Ó ní kí wọ́n fi ràkúnmí náà sílẹ̀, pé ó ní àṣẹ tí ó ń tẹ̀lé. Ibi tí ràkúnmí kúnlẹ̀ sí ni wọ́n kọ́ mọ́sálásí sí, ilé Abū Ayyūb tí ó wà nítòsí ni Ànábì sì wọ̀ sí títí wọ́n fi kọ́ yàrá tirẹ̀ tán. Ilẹ̀ mọ́sálásí náà jẹ́ ti ọmọ òrukàn méjì. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, ó kọ̀, ó ní àfi kí òun rà á. Lẹ́yìn náà ni ó so àwọn tí ó ṣí wá láti Mẹ́kà pọ̀ mọ́ àwọn onílé Mọdínà, ẹnì kan sí ẹnì kan, bí ọmọ ìyá. Nínú gbogbo ètò yìí, kò sí àlejò kankan tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó máa wá ara rẹ̀ kiri.

Àwọn oníwàásù kan máa ń sọ ọ́ bí hádíìsì pé kí ènìyàn wá aládùúgbò kí ó tó wá ilé. Àwọn onímọ̀ hádíìsì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní okùn ìtàn rẹ̀ kò lágbára, nítorí náà kò yẹ kí á máa fi orúkọ Ànábì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣàìwà nínú èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrà An-Nisā’, ka aládùúgbò tí ó súnmọ́ni àti èyí tí ó jìnnà mọ́ àwọn tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí, lẹ́yìn òbí àti ìbátan. Ànábì náà ka aládùúgbò rere àti ilé tí ó gbòòrò mọ́ ohun tí ń mú ayé dùn fún ènìyàn. Ó ka méjèèjì papọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ tí ń wá ilé ní Èkó ń wá èyí tí ó gbòòrò, wọ́n sì gbàgbé èkejì.

Inú omi ni Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù ni Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìgà Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà. Ọ̀sà ni ó yí i ká. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí afárá Carter tí ó so ó pọ̀ mọ́ Ìddó, nígbà tí ojú irin sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ọ̀nà Èkó là fún àwọn ará Ìgbómìnà. Àwọn àdúgbò àtijọ́ inú erékùṣù náà kì í ṣe ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn ń dá wọ̀. Àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ tí wọ́n bá a ti Ẹ̀pẹ́ dé ní ọdún 1862, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó lábẹ́ Oṣòdì Tápà. Àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone bọ̀ wà ní Olówógbowó. Àwọn tí ó padà láti oko ẹrú Bùràsíìlì wà ní Pópó Àgùdà. Orúkọ Ọbaléǹdé fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń túmọ̀ rẹ̀, ń sọ pé ọba ni ó lé àwọn kan dé ibẹ̀. Àwùjọ kọ̀ọ̀kan ń rìn papọ̀, wọ́n ń kọ́lé papọ̀, wọ́n sì ń kọ́ ilé ìjọsìn wọn sí àárín ara wọn. Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sierra Leone ni ó ná owó rẹ̀ sí i, aṣojú Sultan Turkey sì wà níbi ayẹyẹ náà. Ní Èkó yìí kan náà ni wọ́n ti dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSS, ní ọdún 1954. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní Èkó ni ó gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ òun, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó di ẹ̀bi ru ìlú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó rò pé ilé tí ó dára ti tó. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń jẹ́ LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé jẹ́gẹjẹ̀gẹ ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn tí ó ń gbé inú wọn lọ sí Sùúrùlérè. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ilé Sùúrùlérè mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, omi ẹ̀rọ wà, atẹ́gùn ń fẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, fọ̀rọ̀ wá àwọn tí wọ́n kó lọ lẹ́nu wò, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé àwọn ìyá tí ń tajà nítòsí ilé sọ oníbàárà wọn nù, owó ọkọ̀ lọ sí erékùṣù ń jẹ èrè, ẹbí tí ó máa ń rí ara wọn lójoojúmọ́ di ẹni tí ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn arúgbó sì ń jókòó nínú yàrá tó dára láìsí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ìjọba fún wọn ní ilé, ó gba àdúgbò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ tí ń fi owó ara rẹ̀ wá ilé lè ṣe ohun kan náà sí ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba kankan fipá mú un.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an kọ́. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà láàrin àwọn òkè Òkè-Ìlá kò mọ ohun tí ń jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí. Bí òjò bá rọ̀ ní Ìlá, omi a ṣàn lọ sí odò. Ní Èkó, ilẹ̀ kò ga ju omi ọ̀sà àti òkun lọ púpọ̀, omi òjò a sì máa wá ibi tí yóò gbà lọ títí yóò fi wọ yàrá. Òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 gba ẹ̀mí ènìyàn ní ìlú náà. Lẹ́kkí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ń yangàn, irà ni apá púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni Màrókò wà. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje péré, lẹ́yìn èyí katakata wọlé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, ni wọ́n lé jáde. Àwọn tí ó ra ilẹ̀ wà nínú wọn, àwọn tí ó yá ilé wà nínú wọn, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì bá a lọ. Ìwà ìjọba náà kò ṣeé gbè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ wádìí ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kí ó tó ka owó sílẹ̀. Òfin tí ó de àwọn ọmọ-onílẹ̀ jáde ní Èkó ní ọdún 2016, síbẹ̀ òfin kì í dá owó tí wọ́n ti gbà jẹ padà lóòjọ́. Bí Ànábì kò bá gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi kọ́ mọ́sálásí, kò yẹ kí Mùsùlùmí fọwọ́ sí ilẹ̀ tí ó mọ̀ pé ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, kódà bí ó pọ́n gan-an.

Ilé pẹ̀lú ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fàájì lórí erékùṣù Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì kú. Àwọn kan rò pé ilé tálákà nìkan ní í wó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ wó ní Ìkòyí, níbi tí owó pọ̀ sí jù, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì. Ògiri tí ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọ̀dà kùn mọ́lẹ̀. Kí ayálégbé wò ó, kí ó sì kọ̀ ọ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ rọjú.

Ní ti owó ilé, òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bí ó tilẹ̀ yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Àwọn lánlọ́ọ̀dù tí ń gba ọdún méjì kò tíì tán, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Alhájì. Èyí tí ó burú jù ni kí ọ̀dọ́ lọ yá owó èlé nítorí kí wọ́n lè sọ nílé pé ó ń gbé ní erékùṣù. Ọlọ́hun ti ṣe ríbà ní èèwọ̀, ilé tí wọ́n fi ríbà wọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹni náà sùn.

Ọ̀rọ̀ mọ́sálásí wá kù. Àwọn ìdílé Banū Salimah fẹ́ kó kúrò ní ibi tí wọ́n ń gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí Ànábì. Ó ní kí wọ́n dúró sí ibi tí wọ́n wà, pé Ọlọ́hun ń kọ ìṣísẹ̀ wọn sílẹ̀. Nítorí náà, jíjìnnà sí mọ́sálásí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn fi ń rìn, wọ́n sì ń dé bá ìrun. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀yìn Agége tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island yóò jáde kí ládàánì tó pe Àsùbáà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Afárá Kẹta yóò sì gba Àlàásárì àti Mọ̀gàríbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú dánfó. Ó sàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé yàrá kan níbi tí kò jìnnà sí iṣẹ́ ju kí ó gba fúláàtì sí ibi tí yóò kàn máa sùn. Bí ó bá sì ti ní ọmọ, kí ó béèrè ilé-kéwú kí ó tó béèrè gáréèjì. Arábìnrin tí yóò dá gbé ní ohun mìíràn láti wò: ilé ìwẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́wàá ni yóò máa kọjá kí ó tó dé ibẹ̀ kò bá híjáàbù mu, bí mọ́sálásí tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kò sí ẹni tí ó ní kí ọ̀dọ́ Ìgbómìnà wá àdúgbò tí Mùsùlùmí nìkan wà. Nínú agbo ilé kan náà ní Ìlá, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ jọ ń pín ẹran Iléyá jẹ. Sàábé kan, Abdullāh ọmọ Amr, pa àgùntàn, ohun tí ó ń bi àwọn ará ilé rẹ̀ léraléra ni bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò wọn tí ó jẹ́ Yahúdì nínú rẹ̀. Aládùúgbò tí ó yẹ kí á sá fún ni ẹni tí kò sí ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ibi rẹ̀, ohun yòówù kí ó máa sìn.

Kí ẹni tí ń wá ilé má ṣe lọ wò ó ní ọ̀sán nìkan pẹ̀lú alágbàtà tí ń kánjú. Kí ó padà lọ lẹ́yìn òjò, kí ó wo ibi tí omi dúró sí lára ògiri. Kí ó lọ kí Mọ̀gàríbà àti Ìṣáì ní mọ́sálásí àdúgbò náà, kí ó kí lémọ́ọ̀mù, kí ó ka iye ọ̀dọ́ tí ó wà ní sáàfù. Mọ́sálásí tí ìjà oyè ti lé àwọn ọ̀dọ́ jáde kò ní pẹ́ hàn sí i. Kí ó bi àwọn obìnrin tí ń pọn omi ní ẹ̀rọ léèrè bí òru ṣe ń rí níbẹ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní Ìlá àti agbègbè rẹ̀ sì kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti wà ní Èkó sílẹ̀, àdúgbò sí àdúgbò, kí ẹni tí ń lọ má bàa dé Ọ̀jọ́ta tàbí Ìyànà-Ìpájà láìní ẹnì kan tí yóò sùn sí lọ́dọ̀ títí yóò fi rí yàrá.